Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ agunkẹ̀kẹ́ tó ń fi í jẹun lókè òkun, àti bẹ́ẹ ṣe lè gé e mọ tiyín l'Ẹ̀pẹ́

Kí n tètè là á kí ẹnikẹ́ni tó ṣì mí gbọ́, kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí níbí kì í ṣe Márúwá o. Básíkù ni, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí táyà ẹ̀ tín-ín-rín tí ọwọ́ ẹ̀ ká bí ìwo àgbò, téèyàn á tẹ̀ lé lórí bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi kan ló ń fi jẹun ní Spéènì. Girona lorúkọ ìlú tó ń gbé, ní Catalonia, àwọn agunkẹ̀kẹ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pọ̀ níbẹ̀ bí ẹja ṣe pọ̀ l'Ẹ̀pẹ́, torí ojú ọjọ́ dáa, òkè wà lẹ́yìnkùlé, ọkọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́nà abúlé. Kí n má purọ́, kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ ńlá tẹ́ẹ̀ ń wò ní Tour de France ló ń gùn fún, ìpele kẹta ni tiẹ̀, Continental ni wọ́n ń pè é. Èmi, tíṣà ni mí l'Ẹ̀pẹ́ níbí, ìdájí ni mo máa ń gun tèmi kí n tó lọ síléèwé.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mi ò fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kadà kan ò lè kọjá lára mi kí n má lé e. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ara ò yá sí i, mo kàn ń gbẹ ni, mò ń sùn lórí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ tó yẹ kí n máàkì. Mo wá fi gbogbo ohun tí fóònù mi ti kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gun kẹ̀kẹ́ o, ẹ̀ ń bá a jà ni. Ọjọ́ tó yẹ kẹ́ẹ rọra, ẹ ò rọra. Ọjọ́ tó wá yẹ kẹ́ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkankan lẹ́sẹ̀ mọ́."

Ó wá ka ọ̀sẹ̀ tiẹ̀ fún mi láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e mọ tèmi. Àwọn tó ń fi jẹun máa ń gùn tó wákàtí 20 sí 30 lọ́sẹ̀, kìlómítà 600 sí 900, ẹ má wo ìyẹn rárá, ẹni tó ní iṣẹ́ àti ìyàwó ò lè ní in. Wákàtí 6 sí 8 tó fún wa. Ohun tẹ́ẹ máa jí lọ́wọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe pín in, torí nínú wákàtí 25 tí àbúrò mi ń gùn, èyí tó le gidi níbẹ̀ ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ìyókù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Kẹ́ẹ tó gùn ún rárá

Tokunbọ̀ lọ̀pọ̀ wa máa rà, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọ̀ ra kẹ̀kẹ́. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ilé yín, ẹ fi máa kan ara ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá tó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ó gbọ́dọ̀ máa dún ko, ko, ko bákan náà. Ibi tí ohùn ẹ̀ bá ti yí padà tó wá ń dún bí ìgbà téèyàn kan igbá tó ti sán, ó ṣeé ṣe kó ti là nínú níbẹ̀, bí wọ́n bá kun ọ̀dà tuntun síbẹ̀ gan-an ẹ yáa sá. Mo ra àkọ́kọ́ tèmi láì kàn án. Ẹni tó tà á fún mi ní "jẹ́ẹ́ńtì báyìí, gbé e lọ, Jámánì ni", ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Jámánì fi pín sí méjì lábẹ́ ìjókòó, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹnu géètì ni mo wà.

Ìjókòó ńkọ́? Ẹ gun orí ẹ̀, ẹ fara ti ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán gbọnrangandan. Tẹ́ẹ bá wá sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí iwájú ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà, orúnkún á ká díẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé orúnkún ń dun òun, ìjókòó ló ti wálẹ̀ jù.

Táyà, ẹ gbàgbé àwọn tín-ín-rín ìgbà kan. Àwọn tó ń díje gan-an ti kúrò lórí 23 (fífẹ̀ táyà ní mílímítà nìyẹn) tipẹ́, 28 àti 30 ni wọ́n ń lò báyìí. Tí férémù yín bá gba 32, ẹ fi 32 síbẹ̀, ẹ mọ ọ̀nà wa. Ẹ má sì jẹ́ kí fọganáísà fi afẹ́fẹ́ ọkọ̀ fẹ̀ ẹ́ títí á fi le bí òkúta, ẹ ra páḿpù tó ní òǹkà, ẹni tó bá wọn kílò 70 lórí 28, PSI 75 péré ti tó o. Ẹ máa mú tíúbù kan dání àti nylon píọ̀ wọ́tà tẹ́ẹ ti fọ̀ tó gbẹ. Nylon yẹn ṣe pàtàkì o. Tí ìgò bá ya ẹ̀gbẹ́ táyà, tíúbù tuntun náà á yọ síta láti ojú ibẹ̀ bí ìdí ọmọdé tí ṣòkòtò ẹ̀ ya, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá ká nylon yẹn ní ìlọ́po mẹ́rin tẹ́ẹ fi tẹ́ inú táyà níbẹ̀ kẹ́ẹ tó fẹ̀ ẹ́, ó máa gbé yín délé. Owó náírà náà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti fi 200 náírà wọ Ẹ̀pẹ́ rí.

Ṣéènì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n jò sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kùn ún. Iyanrìn ló ń bá lò pọ̀. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì tó mọ́ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ tún nù ún.

Mọ́ńdè

Ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó náà.

Ní Girona, àbúrò mi á jí ní bí aago mẹ́jọ, á gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan lọ síbi tí wọ́n ti ń ta kọfí, á jókòó níbẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ, á padà sílé, wọ́n á wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, á sùn lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo sùn lọ́sàn-án Mọ́ńdè ni, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Mọ́ńdè náà ló fi ń sáré ìwé ìgbélùú. Ojú ìwé ìrìnnà tiwa yìí, bí eré bá wà ní Faransé tàbí Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kò sí wàhálà torí ìwé Spéènì ẹ̀ gbà á láyè, ṣùgbọ́n kí eré wà ní Ìlú Ọba, físà míì lótọ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ á sì ti kọ orúkọ ẹlòmíì kí ti tiẹ̀ tó jáde.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó wà lókè pátápátá kì í sinmi nínú ẹ̀, Mọ́ńdè o, Kérésì o. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá ti wọ ìwé àyẹ̀wò oògùn, ó gbọ́dọ̀ máa kọ ibi tó máa sùn lálaalẹ́ sórí ètò kan tó ń jẹ́ ADAMS, kó sì mú ọgọ́ta ìṣẹ́jú kan lójúmọ́, láàárín aago márùn-ún ìdájí sí aago mọ́kànlá alẹ́, tí àwọn olùyẹ̀wò lè dé tí wọ́n á bá a níbẹ̀. Tí wọ́n bá dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù 12 tí wọn ò bá a, ẹjọ́ ti dé nìyẹn, ó lè gbà tó ọdún méjì lọ́wọ́ èèyàn, kódà kó má lo oògùn kankan. Wọ́n ò tíì kọ orúkọ àbúrò mi síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò níbi eré èyíkéyìí, òun náà ò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Màmá wa fi àgbo ibà rán ẹnì kan sí i lọ́dún kan, àgbo gidi, dógóyárò àti èèpo igi tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó pè láti dúpẹ́, ó wá sọ òótọ́ pé òun ò ní lè mu ún. "Màmi, ohun tí mi ò bá mọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fi sẹ́nu." Odidi oṣù kan ni Màmá fi bínú, wọ́n ní ọmọ ti di òyìnbó.

Mo ń sọ ìyẹn torí ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ẹ fẹ́ díje lọ́jọ́ kan. Tramadol tẹ́ẹ̀ ń rí káàkiri igboro yìí, UCI, àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ti fòfin dè é nínú eré kẹ̀kẹ́ láti 2019, WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá, náà sì fi kún tiwọn fún gbogbo eré ìdíje ní January 2024. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀, kò fẹ́ràn yín.

Túsìdè

Ọjọ́ ìyà nìyí. Ohun tí wọ́n ń pè ní interval la máa ṣe, ìyẹn ni pé kéèyàn tẹ̀ ẹ́ gan-an fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó rọra títí àyà á fi balẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi á kọ́kọ́ fi bí wákàtí kan yọ́ ara, á wá gbé e gun òkè, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹrin, ìsinmi ìṣẹ́jú 5 láàárín, gbogbo ẹ̀ á sì gbà tó wákàtí mẹ́rin kó tó délé. Ẹ̀rọ kan wà lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀ ní wáàtì, power meter, kóòṣì ẹ̀ tó wà lórílẹ̀-èdè míì á sì rí gbogbo ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó tó wẹ̀ tán. Tó bá tan ara ẹ̀ jẹ, wọ́n á rí i.

Àwa ò ní wáàtì, òkúta la ní. Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti dáa tí kò sí oríta tàbí búm̀pù, tó bá gòkè díẹ̀ ó tún dáa. Èmi máa ń lo ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, torí Ẹ̀pẹ́ ò ní òkè ńlá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀. Láti ojú ibì kan náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, ẹ wo ibi tẹ́ẹ dé, ẹ ju òkúta kan tàbí ẹ̀ka igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Ẹ rọra padà, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tí ìkarùn-ún bá dé ibi òkúta àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ti ṣe é dáadáa. Tí kò bá débẹ̀, tí òkúta ìkarùn-ún wá wà lẹ́yìn àkọ́kọ́ bíi ọ̀pá iná méjì, á jẹ́ pé ìgbéraga lẹ fi gun àkọ́kọ́. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe yín bíi pé ó ti rọrùn jù, ìkejì ẹ ò ní lè dáhùn tí wọ́n bá kí yín, ìkẹta ni kẹ́ẹ máa bú ẹni tó kọ eléyìí sílẹ̀.

Mo ń kí àwọn màmá tó ń gbálẹ̀ títì lójú ọ̀nà yẹn. Wọ́n ti mọ òkúta mi, wọn kì í gbá a mọ́.

Wẹ́sìdè àti Tọ́sìdè

Wẹ́sìdè ni àbúrò mi ń lọ jìnnà jù láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, bíi kìlómítà 160 ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà míì wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ adágún omi Banyoles, wọ́n á gun òkè kan tó ń jẹ́ Rocacorba, ìgòkè ẹ̀ lé ní kìlómítà 10, òpó tẹlifíṣọ̀n ló wà lórí ẹ̀ téńté. Mo bi í léèrè ohun tó ń rò níbẹ̀, ó ní ìrẹsì. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná, Eredo Sungbo tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gba ẹ̀gbẹ́ wa níbí, bíi kìlómítà 160 náà ni wọ́n pè é. Gbogbo yàrà yẹn, Wẹ́sìdè kan ṣoṣo ni lẹ́sẹ̀ àbúrò mi.

Tiwa lọ́jọ́ yẹn, wákàtí kan, pẹ̀lẹ́. Ibí ni wàhálà wa wà. Pẹ̀lẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe pẹ̀lẹ́ ẹnu o. Ìdánwò tí àbúrò mi kọ́ mi ni pé kí n pe ìyàwó mi lórí fóònù (kẹ́ẹ fi earpiece sétí kan o, ètí kejì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọkọ̀). Tó bá bá yín sọ̀rọ̀ nípa owó gáàsì àti ọmọ tí wọ́n lé wálé láì bi yín pé "ta ló ń lé yín?", ẹ̀ ń ṣe é dáadáa. Tó bá ti bi yín, ẹ ti sáré jù, ẹ dín in kù. Àwọn ọmọ tó ń ta búrẹ́dì lórí kẹ̀kẹ́ màmá wọn á kọjá lára yín, wọ́n á tún wẹ̀yìn wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó lè ṣe ìyẹn láì bínú.

Tọ́sìdè ò gùn. Àwọn tó ń fi jẹun ń lọ jíìmù, èmi á gbé ààbọ̀ àpò ìrẹsì kílò 25 mọ́ àyà, màá fi jókòó-dìde nígbà 10, lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó mi á sọ pé kí n kúkú gbé e lọ sí kíṣìnì nígbà tí mo ti gbé e.

Fúráìdè

Ẹ ṣe é kí Jímọ̀ tó tó, kẹ́ẹ wẹ̀ kẹ́ẹ wọ aṣọ yín. Gíà wúwo lónìí, ẹsẹ̀ lọ́ra. Ìṣẹ́jú 4 lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ jókòó, ẹ má dìde, kí ẹsẹ̀ máa yí bíi 50 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ ṣe máa kà á: ẹ máa ka ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, tó bá jẹ́ 14 ẹ ti wà níbẹ̀. Ó ń fún itan lágbára láì jẹ́ kí àyà já. Tí orúnkún bá ń ta yín, ẹ fi í sílẹ̀ kíá, kì í ṣe dandan.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré àsápajúdé mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, bíi pé ajá ń lé yín. L'Ẹ̀pẹ́ níbí ajá lè lé yín lóòótọ́, ẹ kà á mọ́ ọn.

Sátidé

Ọjọ́ ẹgbẹ́. A ò pọ̀, márùn-ún mẹ́fà, káfíńtà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń dá gbogbo wa lẹ́yìn nígbà tí ọ̀nà bá ti gòkè. Ní Girona, ọjọ́ yìí ni wọ́n máa ń gùn bíi pé wọ́n wà nínú eré gan-an, nígbà míì ẹnì kan á gun alùpùpù síwájú, agunkẹ̀kẹ́ á sì há sí ẹ̀yìn ẹ̀ kó lè mọ ìyára eré lẹ́sẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń gun alùpùpù yẹn o. Ẹ má wá lọ há sí ìdí tírélà lórí Lekki-Epe Expressway. Mo ti rí ẹni tó ṣe é, mo ti rí i tí tírélà yẹn tẹ búréèkì.

Bẹ́ẹ ṣe lè gùn léra yín: ẹni tó wà lẹ́yìn ń fara pamọ́ fún afẹ́fẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ dín kù gan-an, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí ìyára bá pọ̀. Táyà iwájú yín kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú láé, tó bá fi yà díẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa ṣubú, òun á máa lọ. Ẹ fi àlàfo bíi mítà kan sí i tẹ́ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Iwájú, ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ohùn gbọ́dọ̀ wà. "Kòtò!" "Òkúta, lọ́tùn-ún!" "Ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn!" Kòtò tí omi kún inú ẹ̀, ẹ má fojú wọn ọ́n, ẹ yà fún un. Iná pupa lẹ́yìn gbogbo èèyàn kódà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí gbogbo èèyàn, ẹni tí kò bá ní ò bá wa lọ, bó jẹ́ ọmọ ta ni.

Wọ́n máa ń bi wá lójú ọ̀nà, wọ́n á ní ṣé èèyàn dúdú ń ṣe eléyìí ni. Ẹ sọ fún wọn pé Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, ló gba Gent-Wevelgem, eré ńlá kan ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, ní 2022, ó gba ìpele kan (ìyẹn eré ọjọ́ kan) nínú Giro d'Italia lọ́dún kan náà, ní 2024 ó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ti ẹni tí máàkì ẹ̀ pọ̀ jù, délé. Ní September 2025 ẹ̀wẹ̀, ìdíje àgbáyé wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Kigali ni wọ́n ti ṣe é, kìlómítà 267 àtààbọ̀ fún àwọn ọkùnrin, òkè lórí òkè, Pogačar, ọmọ Slovenia, ló gbà á, 30 péré ló sì parí ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Mo ń wò ó lórí fóònù, dátà mi tán bó ṣe ku bíi ogún ìṣẹ́jú.

Sọ́ńdè

Lẹ́yìn ọjọ́ ìyà, eléyìí ló ṣe pàtàkì jù: wákàtí mẹ́ta láì kánjú. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde àtàbọ̀ tó bíi kìlómítà 60, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan ààbọ̀, kó máa fi ìṣẹ́jú 15 lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni kẹ́ẹ ti kúrò nílé, torí tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, oòrùn ibí kì í ṣeré. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí àbúrò mi sọ fún mi pé àwọn kan níbẹ̀ máa ń ti ara wọn mọ́ yàrá tó gbóná, wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì nípọn, wọ́n á máa wa kẹ̀kẹ́ lójú kan kí ara wọn lè mọ ooru kí ẹ̀jẹ̀ wọn sì lè pọ̀ sí i. Wọ́n ń náwó ra ooru! Kí wọ́n wá sí Ẹ̀pẹ́ ní March, ọ̀fẹ́ ni.

Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo gun Sọ́ńdè kan lórí tíì lásán. Lílọ dùn. Nígbà tí mò ń bọ̀, bí mo ṣe sún mọ́ Mojoda, ó dà bíi pé ẹnì kan pa iná mi. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ kàn kọ̀ ni. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá kan tó ń sun àgbàdo, mo ra bísíkíìtì lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè ya ọ̀rá ẹ̀. Màmá yẹn gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi eyín já a, ó kó o lé mi lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta. Ó ní, "Dádì, ṣé wọn ò sí nílé tí wọ́n máa sọ fún yín kẹ́ẹ jókòó ni?"

Nítorí náà, ẹ jẹun kẹ́ẹ tó lọ: ògì àti àkàrà méjì, tàbí búrẹ́dì àti ẹyin, wákàtí kan sí méjì ṣáájú. Ẹ̀wà àgọ́nyìn ńkọ́? Mo ti dán an wò. Ẹ má ṣe é. Lójú ọ̀nà, àwọn tó ń fi jẹun máa ń jẹ gírámù 90 sí 120 carbohydrate (èròjà afúnni-lágbára tó wà nínú ṣúgà, ìrẹsì àti irú ẹ̀) ní wákàtí kan, wọ́n fi oṣù kọ́ ikùn wọn ni. Fún wa, 40 sí 60 ti tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, bíi 25 nìyẹn. Ike omi mílílítà 750: ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré 10 tó tẹ́jú sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí iyọ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bíi 40 nìyẹn, kò sì ju owó díẹ̀ lọ. Ike kan ní wákàtí kan, méjì tí oòrùn bá ti yọ, kí ìkejì jẹ́ omi lásán. Ìrẹsì tí wọ́n sè tó rọ̀ tí wọ́n fi ṣúgà sí tí wọ́n ká sínú fọ́ìlì ni wọ́n máa ń kó sápò ní tiwọn. Èmi, ẹ̀kọ ni mò ń kó, ó ti wà nínú ewé ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló tún ń wá fọ́ìlì. Ẹ máa jẹ ẹ́ láti ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ebi tó pa yín, torí tó bá ti pa yín ó ti bọ́.

Tẹ́ẹ bá délé, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gààrí Ìjẹ̀bú, omi tútù, ẹ̀pà, ẹja díndín. Àbúrò mi ń mu ìyẹ̀fun kan tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ó ní gààrí mi yẹn ló ń wu òun. Lọ́sàn-án kẹ́ẹ wá jókòó ti ìkọ́kọrẹ́ dáadáa.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gé ọ̀sẹ̀ kan sí ààbọ̀. Àwọn náà máa ń pa kẹ̀kẹ́ tì pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí eré ọdún bá ti parí, ní October bọ́ sí November. Tiwa, Ààwẹ̀ ti pín in fún wa, ẹ máa fi ìṣẹ́jú 40 pẹ̀lẹ́ kan gùn ún kí wọ́n tó ṣínu. Ọ̀sẹ̀ Káyọ̀káyọ̀, ọdún ìlú Ẹ̀pẹ́, ẹ má wulẹ̀ gbé e jáde, ta ló máa yà fún yín?

Tẹ́ẹ bá ti jẹun tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kẹ́ẹ tó sùn, ẹ nu ṣéènì, ẹ ti ìka bọ táyà yíká kẹ́ẹ yọ ìgò àti wáyà tó bá há síbẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ike omi yẹn, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ. Tẹ́ẹ bá gbàgbé ẹ̀ sínú báàgì títí di Túsìdè, pẹ̀lú ṣúgà àti ọsàn inú ẹ̀, nínú ooru yìí, ẹ má wulẹ̀ ṣí i mọ́, ẹ sọ ọ́ nù bó ṣe wà.